Yíyí jíà páwà-báìkì padà, ti àkọ́kọ́ lókè, ìyókù nísàlẹ̀: ṣé ó dáa fún ojú ọ̀nà Èkìtì?

Ayọ̀_Bàsírì
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èkìtì kete! Suzuki GSX-R600 ni mo ń gùn, Adó níbí ni mo sì ń gbé. Tó bá ti di ìparí ọ̀sẹ̀, àwa mélòó kan máa ń gba Ìyìn, Ìgèdè, Aramọkọ títí dé Ìtawurẹ́, ká tó yà gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ohun tó ń dà mí láàmú ni kọ́nà ọwọ́ òsì. Bí máṣìnì bá ti dẹ̀ sápá òsì, tí mo sì fẹ́ fi jíà kún un, ẹsẹ̀ mi kì í rí àyè wọ abẹ́ pẹ́dà. Mo lè gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, kó yọ̀, kí n tún un gbìyànjú, ẹ́ńjìnnì á sì ti máa ké.

Ẹnìkan nínú wa ní kí n yí jíà náà padà bíi tàwọn tó ń sáré ìdíje. Ìyẹn ni pé màá gbé pẹ́dà sókè fún jíà kìíní, kí n wá máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìkejì dé ìkẹfà. Ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, sípánà kan ṣoṣo ló gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí o. Ṣé kò ní ba ẹ́ńjìnnì jẹ́? Ṣé ó sì yẹ kéèyàn ṣe é lójú títì lásán?

Sípánà10
Àbúrò, fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí à ń yí kò sí nínú ẹ̀ rárá. Bẹ̀rẹ̀ wo apá òsì máṣìnì rẹ, nítòsí ibi tí ṣéènì ti ń yí níwájú. Wàá rí irin róbótó kan tó yọrí síta, eyín wẹ́wẹ́ yí i ká. Wọ́n fi apá irin kékeré kan há a lọ́rùn, bọ́ọ̀tì kan ló fún un pọ̀. Láti orí apá yẹn ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti sọ̀ wá bá pẹ́dà tí ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ̀. Bí a bá yọ apá yẹn, tá a yí i po kí orí rẹ̀ tó kọjú sísàlẹ̀ wá kọjú sókè, ìgbàkígbà tó o bá tẹ pẹ́dà, irin inú yẹn á máa yí sí òdìkejì ibi tó ń yí sí tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Àmọ́ ẹni tó sọ fún ẹ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó má tíì ṣe é rí. Bọ́ọ̀tì tó wà lọ́rùn apá yẹn gba inú ihò tóóró kan tí wọ́n gbẹ́ sára irin náà kọjá. Tó ò bá yọ ọ́ tán pátápátá, apá yẹn ò ní jáde. Àwọn kan á tú u díẹ̀, wọ́n á wá gbé òòlù. Má gbé òòlù sún mọ́ ibẹ̀ o! Irin yẹn wọnú ẹ́ńjìnnì lọ, ohun tó o bá fi òòlù ṣe níta, inú lọ́hùn-ún ló ti máa jẹ yọ. Yọ bọ́ọ̀tì tán, fi sikúrúdíráfà ṣí ẹnu apá náà díẹ̀, á yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó o tó yọ ọ́, fi máákà fa ilà sára ẹ̀ àti sára irin, kó o lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ bó o bá fẹ́ dá a padà.

Ọ̀pá ló máa ń fa wàhálà jù. Nígbà tí apá bá ti kọjú sókè, gígùn tí ọ̀pá nílò á yí padà. Ó lè kúrú jù, pẹ́dà á wá yọrí sókè bí ìwo. Ibi tí ọ̀pá àti apá ti pàdé gbọ́dọ̀ dúró bí igun ilé, ìyẹn ìwọ̀n 90 tàbí kó sún mọ́ ọn. Tí igun yẹn bá ti há tàbí tó ṣí jù, jíà á máa le, nígbà míì kò ní wọlé tán. Má sì fa ọ̀pá gùn débi tí eyín bọ́ọ̀tì orí ọ̀pá tó kù nínú á fi kéré ju ìwọ̀n mílímítà 6, torí ó lè já mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lórí eré. Àwọn máṣìnì míì tún wà tó jẹ́ pé inú ihò lára férémù ni ọ̀pá gbà kọjá. Bá a bá yí irú ìyẹn, ọ̀pá á máa ha férémù, àfi kéèyàn ra àtẹ́lẹsẹ̀ (irin tá a ń gbé ẹsẹ̀ lé) tó ní ihò méjì fún iṣẹ́ yìí.

Bó o bá parí, má tíì gùn ún. Gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, máa fi ọwọ́ yí táyà bó o ṣe ń wọ jíà kọ̀ọ̀kan dé ìkẹfà, kó o sì dín in padà dé fírì. Pẹ́dà gbọ́dọ̀ padà sáàárín fúnra ẹ̀ nígbà gbogbo. Wo ìdúró ẹ̀gbẹ́, irin tí máṣìnì fi ń dúró, dáadáa nígbà tó bá wà ní kíká, torí pẹ́dà tó ń lọ sísàlẹ̀ báyìí lè máa gbá a.

Ọmọ_Adó_Òkèòkun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Sípánà. England ni mo wà, mo máa ń lọ sí pápá ìsáré, Brands Hatch ni mo sì mọ̀ jù. Kọ́nà òsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Graham Hill Bend. Bó o bá ń jáde níbẹ̀, máṣìnì ṣì dẹ̀, ọwọ́ rẹ ti ń ṣí tíróòtù. Tí jíà bá wà bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, ó di dandan kó o ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ abẹ́ pẹ́dà, ilẹ̀ sì ti sún mọ́ ibẹ̀ débi pé bàtà á máa ha títì. Tó o bá ti yí i, orí pẹ́dà ni ẹsẹ̀ wà, o kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Bí máṣìnì bá tún fò síwájú, ara èèyàn á fà sẹ́yìn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, títẹ̀ rọrùn ju gbígbé lọ. Dídín jíà kù ní tiẹ̀, kí a tó wọ kọ́nà la ti máa ń ṣe é, máṣìnì dúró ṣánṣán, àyè pọ̀ lábẹ́ pẹ́dà.

Àwọn tó ń sáré ìdíje kì í ka bí ilé-iṣẹ́ ṣe to nǹkan sí àṣẹ. Mick Doohan, ará Ọsirélíà, fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣèṣe gidi ní Assen ní 1992. Nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn ò lè tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́, wọ́n gbé e wá sápá òsì lórí ọwọ́ máṣìnì, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 500cc lọ́dọọdún láti 1994 dé 1998.

Nítorí náà, mi ò ní sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n pápá ìsáré ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Kọ́nà kan náà lò ń gbà léraléra níbẹ̀, o ti mọ jíà tó o fẹ́ kó o tó débẹ̀.

Arábìnrin_Ìkẹ́rẹ́
Mo ti yí tèmi, CBR600RR ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń gùn ún bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní dá a padà. Òun nìkan ni máṣìnì tí mo ní, mi ò gun òmíràn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yí i, mo lọ sí pápá ńlá kan tí èèyàn kì í sí, mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárín jíà kìíní sí ìkẹta títí ẹsẹ̀ fi gbọ́n. Mi ò gbé e dé títì tí ọkọ̀ wà títí tí mi ò fi ní láti ronú mọ́ kí n tó wọ jíà.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gùn ún wá sọ́dọ̀ wa, gígùn òkè lẹ̀ ń rò. Sísọ̀ òkè ni kẹ́ ẹ rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ẹ ti ń bọ̀ wálẹ̀, títì náà ń wé kiri ara òkè, òkúta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Jíà kẹta lẹ wà, ẹ fẹ́ dín in sí ìkejì kí ẹ́ńjìnnì lè bá yín dì í mú, kẹ́ ẹ má baà fi bíréèkì nìkan sọ̀ ọ́. Ṣàdédé ni tírélà yọ lójú kọ́nà. Ọkàn já. Kí ni ẹsẹ̀ máa ṣe? Ohun tó ti mọ̀ látọjọ́ tó ti ń gun máṣìnì ló máa ṣe, á tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Lórí máṣìnì tí wọ́n ti yí, ẹsẹ̀ yẹn ti fi jíà kún un nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì á tú u sílẹ̀, máṣìnì á tún máa sáré sí i nínú ìsọ̀kalẹ̀, ní ojú tírélà.

Mi ò bá àwọn tó ń sáré nínú pápá jà. Títì wa yìí ni mò ń sọ. A ti gbé èèyàn kúrò lára òkè yẹn rí.

Jídé_Ọlọ́kadà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọlọ́kadà lèmi, Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Pẹ́dà tiwa gùn síwájú, ó gùn sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ la fi ń fi jíà kún, iwájú ẹsẹ̀ la fi ń dín in. A kì í ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ohunkóhun, kódà sálúbàtà la máa ń wọ̀. Ṣé wọn ò lè fi irú ẹ̀ sí ti Suzuki ni?

Sípánà10
@Jídé, ìbéèrè gidi nìyẹn. Lórí ọ̀kadà, àtẹ́lẹsẹ̀ wà níwájú, ó wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ́jú lé e, àyè wà fún gìgísẹ̀ láti gbéra kó sì tẹ̀. Lórí páwà-báìkì, àtẹ́lẹsẹ̀ ti lọ sẹ́yìn, ó ti lọ sókè, orí ìka ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń dúró lé e. Irin tó bá gùn sẹ́yìn níbẹ̀, ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa dí i lọ́nà. Tó bá dẹ̀ nínú kọ́nà, irin yẹn ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Àti pé, Jídé, jọ̀ọ́, fi sálúbàtà sílẹ̀. Mo ti rí ìka ẹsẹ̀ tó há sábẹ́ irú pẹ́dà yẹn.

Tíṣà_Ìjerò
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nígbà tá a wà ní ọ̀dọ́ tíṣà, Honda C70 ni ọ̀pọ̀ wa ń gùn. Kò ní kọ́lọ́ọ̀ṣì ọwọ́, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Bó o bá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, jíà á kún. Bó o bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀yìn ẹ̀, á dín. Ìyẹn ni pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ti ìdíje yìí, ẹsẹ̀ àwa tíṣà ti mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà Ìjerò sí Ìdó, pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn.

Máṣìnì àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà ṣáájú ìgbà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń wọ jíà, òsì ni bíréèkì wà. Kódà wọn ò fẹnu kò láàárín ara wọn. Norton Commando tó jáde ní 1967, gbígbé sókè ni jíà kìíní, títẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ìyókù. Triumph sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀ gan-an. Òfin Amẹ́ríkà ní 1974 ló fi òpin sí i: ẹsẹ̀ òsì ni kó máa wọ jíà, gbígbé ni kó máa fi kún, títẹ̀ ni kó máa dín. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tajà lọ́hùn-ún tẹ̀ lé e, Triumph náà gbé tiẹ̀ lọ sósì láàárín àwọn ọdún 1970 yẹn.

Ohun tí mo rí nígbà ayé mi ni pé èèyàn lè kọ́ èyíkéyìí. Ìgbà tó bá ń gun méjì tí kò bára mu lọ́jọ́ kan náà ni nǹkan máa ń bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kúrò lórí máṣìnì Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sórí ti Japan wá bíréèkì pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì títí ó fi wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Fẹ́mi_Ìkọ̀lé
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba àǹfààní kan: ó ń dá bàtà sí. Pẹ́dà ti jẹ awọ orí bàtà òsì mi tán nítorí gbígbé jíà.

Arábìnrin_Ìkẹ́rẹ́
@Fẹ́mi, rárá o. Jíà mélòó lo máa ń fi kún kó o tó dúró? Iye yẹn náà lo máa dín padà. Bó o bá yí i, wàá bọ́ lọ́wọ́ gbígbé nígbà tó o bá ń fi kún, wàá wá máa gbé e nígbà tó o bá ń dín in. Bàtà tèmi rèé níwájú mi, ojú kan náà lókè àtàǹpàkò ló ti pá, ó ti funfun. Èèyàn kì í tìtorí bàtà yí jíà.

@ỌmọẸ̀fọ̀n, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, mi ò sì fojú kéré ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbàgbé ti tẹ́lẹ̀ ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Èmi náà ń sọ òkè yẹn, jíà mi ò sì dàrú mọ́ mi lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Ẹ̀gbọ́n obìnrin, mo gbà fún yín torí pé ẹ ò gun òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ bá yá ní máṣìnì yẹn ńkọ́? Tàbí ẹni tó fẹ́ bá yín sún un kúrò lójú ọ̀nà?

Arábìnrin_Ìkẹ́rẹ́
Mi ò yá ẹnikẹ́ni. Mo sì lẹ ìwé kan mọ́ orí táńkì, ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, pé JÍÀ YÌÍ TI YÍ, KÌÍNÍ WÀ LÓKÈ. Mẹkáníìkì kankan kì í gbé e láìjẹ́ pé mo ti fi ẹnu sọ fún un.

Ayọ̀_Bàsírì
Ẹ ṣeun gan-an, mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè méjì. Ti tèmi ní quickshifter tí ẹni tó tà á fún mi so mọ́ ọ̀pá jíà, ṣé á ṣì máa ṣiṣẹ́? Nọ́ńbà jíà tó ń hàn lójú aago ńkọ́, ṣé kò ní máa parọ́? Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un: Honda CG125 ni mo máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ni Suzuki máa ń jáde.

Sípánà10
Ojúlówó ọ̀rọ̀ nìyẹn, ìparí ẹ̀ lo fi sí.

Nọ́ńbà ojú aago kò ní parọ́. Inú ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún ló ti ń ka ibi tí jíà wà, kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ ṣe. Iná fírì náà á máa tàn bó ṣe ń tàn. Quickshifter ló le. Ohun tó wà lára ọ̀pá yẹn ń mọ ìgbà tí ọ̀pá bá ń tì tàbí tó bá ń fà, ìgbà yẹn ló máa gé iná ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú akàn kí jíà lè wọlé láìfọwọ́ kan kọ́lọ́ọ̀ṣì. Tẹ́lẹ̀, bó o bá gbé pẹ́dà, ọ̀pá á tì. Bá a bá yí i, títẹ̀ lo máa fi kún un, ọ̀pá á wá máa fà. Bí tìẹ bá jẹ́ èyí tó mọ títì nìkan, ìgbà tó o bá ń dín jíà ló máa wá gé iná. Àwọn kan ṣeé yí ètò wọn padà, àwọn kan ṣeé dojú dé, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé àfi kó o ra òmíràn.

Báyìí, CG125. Jíà kìíní ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìyókù wà lókè, ó bá Suzuki rẹ mu bó ṣe wà báyìí. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. O wá fẹ́ kó gbàgbé ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, lórí máṣìnì tó lágbára jù lọ nínú méjèèjì? Àbúrò, mi ò ní bá ẹ ṣe é.

ỌmọẸ̀fọ̀n ti sọ ti ìsọ̀kalẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ti orí ilẹ̀ tẹ́jú. O ti ká jíà kẹta débi tí ẹ́ńjìnnì ń ké kíkankíkan, o fẹ́ wọ ìkẹrin, ẹsẹ̀ bá gbé pẹ́dà bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ìkejì lo wọ̀ yẹn. Táyà ẹ̀yìn á fẹ́ dì, á máa jó nílẹ̀. Slipper clutch tó wà nínú ẹ, ìyẹn kọ́lọ́ọ̀ṣì tó máa ń yọ̀ díẹ̀ bí táyà bá ń fi ipá yí ẹ́ńjìnnì, á gba díẹ̀ nínú ẹ̀, kò lè gba gbogbo ẹ̀. Ohun tó máa ń dá ẹ́ńjìnnì dúró kó má sá kọjá àlà kò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́ rárá, torí kì í ṣe epo ló ń sá a nígbà yẹn, táyà ló ń fi ipá yí i. Fáàfù ò ní ráyè padà sípò kí pístọ́ọ̀nù tó dé bá a. Ẹ́ńjìnnì kan tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa nítorí irú ẹ̀, nígbà tá a ṣí orí ẹ̀, ojú pístọ́ọ̀nù ti ní àpá roboto tí fáàfù gbá sí i, fáàfù méjì sì ti wọ́ bí ìkọ́.

Ìbéèrè tèmi wá rèé: irú bàtà wo lò ń wọ̀ gùn ún?

Ọmọ_Adó_Òkèòkun
Mo gbè sí ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó tún ń gun òmíràn. Lójú pápá, máṣìnì mi tó wà fún ìyẹn nìkan ni mo yí. Èyí tí mò ń gùn láàárín ìlú, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ayọ̀_Bàsírì
Bàtà gígùn fún gígun máṣìnì ni, èyí tó ní ike níwájú. Ó nípọn. Mo rà á kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Kí ló dé?

Sípánà10
Ó dé torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro rẹ wà. Ẹni tó ta máṣìnì yẹn fún ẹ, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bàtà pẹlẹbẹ ló ń wọ̀. Gíga pẹ́dà yẹn bá ẹsẹ̀ tirẹ̀ mu, kò bá tìẹ mu. Bàtà rẹ nípọn ju àyè tó wà lábẹ́ pẹ́dà lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Kò sídìí láti yí jíà padà.

Jókòó sórí máṣìnì, kí ẹnìkan bá ẹ dì í mú kó dúró ṣánṣán. Wọ bàtà yẹn, gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ́lẹsẹ̀ bó o ṣe máa ń gbé e bó o bá ń gùn. Ó yẹ kí orí bàtà lè yọ́ wọ abẹ́ pẹ́dà láìjẹ́ pé o gbé gbogbo ẹsẹ̀ kúrò, kó sì tún lè bọ́ sórí ẹ̀ láìnà gìgísẹ̀ sókè jù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá yẹn náà la máa yí. Nọ́ọ̀tì kan wà ní orí ẹ̀, òmíràn wà nídìí. Tú méjèèjì díẹ̀. Rántí pé ọ̀kan nínú wọn, òdì ló ń yí, apá tí nọ́ọ̀tì yòókù fi ń le ni òun fi ń tú. Àwọn èèyàn máa ń fi agbára fún un pọ̀ sí i, wọ́n á rò pé ipata ni, wọ́n á wá bọ́ ọ lórí. Nígbà tí méjèèjì bá ti tú, di ọ̀pá mú láàárín, yí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń kúrú, pẹ́dà á máa gòkè. Ìdajì yíyí lẹ́ẹ̀kan tó, kó o tún gbé ẹsẹ̀ lé e wò.

Ayọ̀_Bàsírì
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá gbé e sókè, ṣé kò ní le láti tẹ̀ nígbà tí mo bá ń dín jíà kù?

Sípánà10
Á le bó o bá gbé e jù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ìdajì yíyí. Tún un wò ní ìdúró, kó o wá gùn ún dé Ìyìn kó o padà, kó o tó dé kọ́nà Ẹ̀fọ̀n kankan. Bó bá ti bá ẹsẹ̀ mu, di nọ́ọ̀tì méjèèjì padà. Bọ́ọ̀tì ọrùn apá yẹn, má fọwọ́ kàn án. Bó o bá ti tú u tẹ́lẹ̀, mú un wá kí n fi sípánà tó ń ka agbára dì í. Irú bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbà ju nǹkan bíi 10 Nm lọ, ọwọ́ lásán sì máa ń fún un jù.

Ayọ̀_Bàsírì
Mi ò tíì tú nǹkan kan. Màá ṣe ti ọ̀pá ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Fẹ́mi_Ìkọ̀lé
Ẹ̀gbọ́n Sípánà, tèmi náà ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ báyìí o. Apá ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?

Sípánà10
Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀. Wọ bàtà tó o fi ń gùn ún wá.